Gunpei Yokoi, ẹni tí ó mọ iye owó ọjà

Òǹtajà ní Odomèta mọ̀ pé ọjà tí apá òǹrajà kò ká, orí àtẹ ni yóò kú sí. Ọgbọ́n yìí ni Gunpei Yokoi, ọmọ Jàpáànù, fi ṣiṣẹ́.

Ìlú Kyoto ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1941. Ní 1965, ó wọ ilé-iṣẹ́ Nintendo gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú ẹ̀rọ. Ní 1989, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe Game Boy, ẹ̀rọ eré tí a ń gbé lọ́wọ́. Àwòrán rẹ̀ kò láwọ̀ púpọ̀, nítorí èròjà tí owó rẹ̀ ti wálẹ̀ ni Yokoi yàn. Nǹkan bí dọ́là 90 ni iye rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Lynx, orogún rẹ̀ aláwọ̀ mèremère, jẹ́ nǹkan bí 180. Game Boy borí.

Ní 1995, ó ṣe Virtual Boy. Òun náà jẹ́ nǹkan bí dọ́là 180, àwòrán rẹ̀ pupa, ó sì ń dá ojú lágara. Wọ́n dín owó rẹ̀ kù, síbẹ̀ kò tà. Kò pé ọdún kan tí Nintendo fi dá ṣíṣe rẹ̀ dúró ní Jàpáànù.

Yokoi fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1996, ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì padà sí ọgbọ́n àtijọ́. Ó lọ́wọ́ nínú WonderSwan, ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí ń lo bátìrì kan ṣoṣo. Ọkọ̀ pa á ní oṣù kẹwàá 1997. Ní 1999 ni ẹ̀rọ náà tó dé ọjà.