Abúbakar: Ọ̀rẹ́ tí Ó San Gbèsè Ọ̀rẹ́ Rẹ̀

  

Ẹ jẹ́ ká rántí ẹnì kan lónìí tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀: Abúbakar, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i. A máa ń sọ bó ṣe dúró ti Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) nígbà tó wà láyé. Ohun tó ṣe lẹ́yìn tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò, nítorí ó kan àwa tí a wà lókè òkun gan-an.

Mẹ́kà ni wọ́n ti bí i, láàárín àwọn Quraysh. Oníṣòwò aṣọ ni. Ó fi nǹkan bí ọdún méjì kéré sí Ànábì, wọ́n sì ti ń ṣọ̀rẹ́ kí iṣẹ́ òjíṣẹ́ tó dé. Nígbà tí Ànábì pè é sí ẹ̀sìn, kò ṣiyèméjì. Owó ara rẹ̀ ló fi ra Bílálì àti àwọn ẹrú mìíràn tí wọ́n ń fìyà jẹ nítorí ẹ̀sìn, ó sì dá wọn sílẹ̀. Ní 622, òun àti Ànábì jọ kúrò ní Mẹ́kà. Òru mẹ́ta ni wọ́n fi pamọ́ sínú ihò òkè Thawr kí wọ́n tó forí lé Mọ̀dínà.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 632, Ànábì jáde láyé. Abúbakar wà ní Sunh, ní eteetí ìlú, nígbà tó gbọ́. Ó gun ẹṣin wá, ó wọlé, ó ṣí aṣọ lójú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó fẹnu kò ó níwájú orí, ó sì sunkún. Lẹ́yìn náà ló jáde sáàárín àwọn èèyàn tí ọkàn wọn ti dàrú, ó rán wọn létí pé èèyàn ni Ànábì, ó ti kú, ṣùgbọ́n Ọlọ́hun tí wọ́n ń sìn kì í kú.

Wọ́n fi í jẹ Kàlífà. Kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kú, ó ti ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Usamah, kó ọmọ ogun lọ sí ààlà Ṣáámù. Àwọn ẹ̀yà kan ń ṣọ̀tẹ̀ báyìí, àwọn èèyàn sì ní kí Abúbakar dá wọn dúró. Ó kọ̀. Kò fẹ́ yí ohun tí Ànábì ti ṣètò padà. Ó fẹsẹ̀ rìn sìn wọ́n jáde ìlú, Usamah sì wà lórí ẹṣin.

Nígbà tí owó dé láti Bahrain, Abúbakar ní kí wọ́n kéde pé ẹnikẹ́ni tí Ànábì bá jẹ ní gbèsè, tàbí tó bá ṣèlérí fún, kó wá. Jabir wá. Ànábì ti ṣèlérí pé òun á bu owó fún un lẹ́ẹ̀mẹta tí ti Bahrain bá dé. Abúbakar bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó ní kó kà á. Ó jẹ́ 500. Ó ní kó mú ìlọ́po méjì rẹ̀ kún un.

Ìyá Usamah, Umm Ayman, ló tọ́ Ànábì ní kékeré. Ànábì máa ń lọ kí i nílé. Abúbakar pe Úmọ̀rù pé kí àwọn náà máa lọ bí ọ̀rẹ́ wọn ti ń ṣe. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, màmá náà bú sẹ́kún nítorí pé ìṣípayá láti ọ̀run ti dópin. Àwọn méjèèjì náà sì bá a sunkún.

Ní 634, àìsàn dá Abúbakar dúbúlẹ̀. Ó béèrè iye aṣọ tí wọ́n fi sin Ànábì. Mẹ́ta ni. Ó ní kí wọ́n fọ aṣọ àtijọ́ tó wà lára òun, kí wọ́n fi méjì kún un, kí wọ́n fi sin òun, nítorí alààyè ló nílò aṣọ tuntun ju òkú lọ. Oníṣòwò aṣọ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o! Ẹ̀gbẹ́ Ànábì ni wọ́n sin ín sí.

Ẹ̀yin ará mi, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń wo ìsìnkú ọ̀rẹ́ wa báyìí. A óò gbé fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp fún ọjọ́ mẹ́ta, a óò ṣàdúà, iṣẹ́ á sì gbà wá lọ. Nọ́ńbà rẹ̀ lè ṣì wà nínú fóònù yín. Ti ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ mọ ẹni tó jẹ lówó? Ṣé ẹ mọ ọmọ tó ṣèlérí pé òun á rán níléèwé?

Àdúà dára, ẹ má fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí oṣù yìí tó parí, ẹ pe ìdílé rẹ̀ nílé. Tí apá yín bá ká gbèsè kan, ẹ san án. Tí kò bá ká a, ẹ ṣáà kí ìyá rẹ̀. Tó bá sunkún, ẹ má yára pa fóònù.

Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánnà kẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ wa tó ti lọ. Máà sàlámù.