Xenophon àti ọmọ ẹṣin tí ẹnikẹ́ni kò tíì gùn

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ní ẹ̀ka yìí, àti ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti gboyè jáde ṣáájú wa, bí a bá dárúkọ Xenophon láàárín wa, ohun méjì ló máa ń wá sọ́kàn: pé ọmọ ẹ̀yìn Socrates ni, àti pé ó wà lára àwọn tó kó ẹgbàárùn-ún ọmọ ogun Gíríìkì bọ̀ láti àárín ilẹ̀ Páṣíà. Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sin ẹṣin lónìí, tí ọ̀rọ̀ Socrates kò kan púpọ̀ nínú wọn, ṣì ń ka Xenophon nítorí ìwé pẹlẹbẹ kan tó kọ lórí ẹṣin gígùn. Òun ni ìwé Gíríìkì àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà tó dé ọwọ́ wa lódindi. Ohun tó sọ níbẹ̀ nípa ọmọ ẹṣin tí a fẹ́ kọ́ láti gbé èèyàn ló mú mi kọ ìtàn ayé rẹ̀ yìí.

Ní Áténì ni a bí i, ní nǹkan bí ọdún 430 ṣáájú ìbí Krístì. Gryllus ni orúkọ bàbá rẹ̀. Ilé ọlọ́rọ̀ ni, nítorí ẹni tí kò lówó kò lè bọ́ ẹṣin ní Áténì ìgbà náà. Ogun Áténì àti Sípátà, tó gba ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ló bá a lọ́mọdé, òun náà ló sì bá a dàgbà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu kan sọ pé Socrates pàdé rẹ̀ ní ọ̀nà tóóró kan, ó fi ọ̀pá dábùú ọ̀nà, ó bi í níbi tí a ti ń ra oríṣiríṣi oúnjẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dáhùn wẹ́rẹ́. Socrates wá bi í níbi tí èèyàn ti ń di ènìyàn rere. Kò rí èsì fọ̀, ni Socrates bá ní kó máa tẹ̀ lé òun.

Ní ọdún 401, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Proxenus, pè é wá sínú ogun tí Kírúsì ń kó jọ. Kírúsì tí mò ń wí yìí kì í ṣe ti inú Bíbélì tó dá àwọn Júù padà sílé o. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn onítọ̀hún. Kírúsì Kékeré ni, tó fẹ́ gba ìjọba lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kú sójú ogun ní Cunaxa, nítòsí Bábílónì. Àwọn Gíríìkì tó háyà wá di ọmọ ogun aláìlólúwa. Tissaphernes, gómìnà ọba, pe àwọn ọ̀gágun wọn sí ìpàdé bí ọ̀rẹ́, ó sì mú wọn. Wọ́n bẹ́ Proxenus lórí pẹ̀lú wọn. Àwọn ọmọ ogun yan ọ̀gá mìíràn, Xenophon sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Wọn kò ní ẹlẹ́ṣin kankan mọ́, ẹlẹ́ṣin sì pọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀tá. Xenophon fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀: ó ní kò sí ẹni tí ẹṣin gé jẹ tàbí ta nípàá pa rí lójú ogun, pé èèyàn ló ń pa èèyàn, pé ẹni tó wà lókè ẹṣin ń bẹ̀rù ọ̀tá, ó tún ń bẹ̀rù àtiṣubú. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àmọ́ ọjọ́ kò pẹ́ tí àwọn ẹlẹ́ṣin àti tafàtafà ọ̀tá ṣe wọ́n léṣe láìrí ìyà kankan jẹ. Òun náà ló wá ní kí wọ́n yọ ẹṣin láàárín àwọn tó ń ru ẹrù, kí wọ́n sì wá ẹni tí yóò gùn wọ́n. Nǹkan bí àádọ́ta ló jáde. Ẹṣin ẹlẹ́rù di ẹṣin ogun lóru ọjọ́ kan. Mo rò pé níbẹ̀ ni ọkùnrin yìí ti fojú ara rẹ̀ rí ìyàtọ̀ láàárín ẹṣin tí a kọ́ àti èyí tí a kàn gùn.

Ẹṣin fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wàhálà sílẹ̀ fún un pẹ̀lú àwọn tirẹ̀. Wọ́n ń sáré láti gba orí òkè kan ṣáájú ọ̀tá, òun ń ṣe kóríyá fún wọn láti orí ẹṣin. Ọmọ ogun kan tó ń jẹ́ Soteridas ráhùn pé ẹsẹ̀ àwọn kò dọ́gba, pé ọ̀gá ń gun ẹṣin, òun ń ru asà tó wúwo. Xenophon bẹ́ sílẹ̀, ó tì í kúrò nínú ìlà, ó gba asà rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú ẹ̀wù irin ẹlẹ́ṣin tó wúwo lọ́rùn. Àwọn yòókù lu Soteridas, wọ́n bú u, títí tó fi gba asà rẹ̀ padà.

Ní Àméníà, nínú yìnyín, wọ́n dé abúlé kan tí wọ́n ti ń sin ọmọ ẹṣin fún ọba gẹ́gẹ́ bí owó òde. Xenophon fi ẹṣin rẹ̀ tó ti darúgbó fún baálẹ̀, ó ní kó bọ́ ọ kó sanra, kí ó sì fi rúbọ sí òrìṣà Oòrùn. Ó mú ọmọ ẹṣin kan fún ara rẹ̀, ó fún àwọn ọ̀gá yòókù ní tiwọn. Baálẹ̀ náà kọ́ wọn pé kí wọ́n máa di àpò kéékèèké mọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin bí wọ́n bá ń rìn nínú yìnyín, kí wọ́n má baà rì dé ikùn. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ ẹṣin tí kò mọ̀ ọ́n, òtútù, ebi, ọ̀tá lẹ́yìn. Kò sí àyè sùúrù níbẹ̀.

Nígbà tó fi dé Lampsacus ní ọdún 399, owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ débi pé ó ta ẹṣin rẹ̀ ní àádọ́ta owó wúrà Páṣíà. Àwọn ọ̀rẹ́ kan gbọ́ pé ó fẹ́ràn ẹṣin náà, wọ́n rà á padà fún un, wọn kò sì gba kọ́bọ̀.

Lẹ́yìn èyí ó bá Sípátà ṣe. Ó wà lọ́dọ̀ ọba Agesilaus ní ogun Coronea ní ọdún 394, bẹ́ẹ̀ àwọn ará Áténì wà ní ìhà kejì. Ìlú rẹ̀ lé e kúrò nílé. Sípátà fún un ní oko ní Scillus, nítòsí Olympia. Ibẹ̀ ni òun àti Philesia ìyàwó rẹ̀ ti tọ́ ọmọkùnrin méjì, Gryllus àti Diodorus.

Ìwé ẹṣin náà, ọjọ́ ogbó rẹ̀ ló kọ ọ́, fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Kí a tó wo inú rẹ̀, ẹ má ṣe ro gàárì bí èyí tí a mọ̀. Gíríìkì ìgbà náà kò ní gàárì onígi. Aṣọ ni wọ́n ń tẹ́ sẹ́yìn ẹṣin. Wọn kò ní irin tí agẹṣin ń ki ẹsẹ̀ bọ̀. Ẹni tó fẹ́ gùn ún yóò fò gòkè ni, tòun tọ̀kọ̀. Ẹṣin tó bá ta gìrì lójú ogun, ó ti gbé olówó rẹ̀ ṣubú sáàárín ọ̀tá nìyẹn.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ yà mí lẹ́nu. Ó ní kí olówó ẹṣin má ṣe fúnra rẹ̀ kọ́ ọmọ ẹṣin. Kí ó fà á lé ẹni tó mọ iṣẹ́ náà lọ́wọ́, bí a ti ń fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n sì kọ ohun tí ẹṣin gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó padà wálé sínú ìwé àdéhùn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá télọ̀ tàbí mẹkáníìkì mọ ohun tó ń wí.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí a gbọ́dọ̀ ti ṣe nílé kí ọmọ ẹṣin tó lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá. Ó gbọ́dọ̀ ti fẹ́ràn èèyàn. Ó ní kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ṣe é kí ebi, òùngbẹ àti eṣinṣin máa bá a nígbà tó bá dá wà, kí oúnjẹ, omi àti ìtura máa ti ọwọ́ èèyàn wá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ ẹṣin kò ní fẹ́ràn èèyàn nìkan, yóò máa wá wọn ni. Kí a máa fọwọ́ pa á lára níbi tó dùn mọ́ ọn jù, pàápàá ibi tí kò lè fúnra rẹ̀ dé bí nǹkan bá ń yọ ọ́ lẹ́nu. Kí a máa fà á gba àárín èrò kọjá, kí ó rí oríṣiríṣi nǹkan, kí ó gbọ́ oríṣiríṣi ariwo. Ẹ kíyè sí i pé ní gbogbo àkókò yìí, kò sí ẹni tó tíì gun ẹ̀yìn rẹ̀.

Bí ẹṣin bá wá ń bẹ̀rù nǹkan ńkọ́? Xenophon ní kí agẹṣin fúnra rẹ̀ fọwọ́ kan nǹkan náà, kí ó sì rọra fa ẹṣin sún mọ́ ọn. Ẹni tó bá fi pàṣán lé e débẹ̀ ti dá kún ẹ̀rù rẹ̀, nítorí ẹṣin yóò rò pé nǹkan náà ló ń fa ìrora. Ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìbínú sún mọ́ ẹṣin láéláé, torí ìbínú kì í rí iwájú, ohun tí a óò kábàámọ̀ ló ń múni ṣe.

N kò ní sọ pé aláàánú pọ́ńbélé ni. Òun náà ṣàpèjúwe ìjánu ẹlẹ́gùn-ún tó le, kí ẹṣin tó bá ti tọ́ ọ wò lè gbádùn èyí tó dán. Bí ẹṣin bá kọ̀ láti fo kòtò, ó ní kí ẹnì kan na án láti ẹ̀yìn. Àwọn kan á ní ó ń tako ara rẹ̀. Lójú tèmi, ọmọ ogun ló ń kọ̀wé, ó mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kòtò náà yóò di dandan. Síbẹ̀ níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ ẹṣin tó fẹ́ rìn tẹ̀ṣọ́tẹ̀ṣọ́, ó gba ọ̀rọ̀ Simon, ará Áténì tó kọ̀wé ẹṣin ṣáájú rẹ̀ tó sì gbé ẹṣin idẹ kalẹ̀ sí ojúbọ ní ìlú náà, wọlé: ohun tí ẹṣin bá ṣe tipátipá kò yé e, kò sì lẹ́wà, bí ìgbà tí a bá ń fi pàṣán na oníjó kó lè jó.

Nígbà tó yá, ó pàdánù oko Scillus, Áténì sì fagi lé ìdájọ́ tó lé e kúrò nílé. Ó rán àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì lọ jà fún ìlú tó lé e dànù. Gryllus wà láàárín àwọn ẹlẹ́ṣin Áténì ní ogun Mantinea, ní ọdún 362, ó sì kú níbẹ̀. Wọ́n ní Xenophon ń rúbọ lọ́wọ́, òdòdó wà lórí rẹ̀, nígbà tí wọ́n wá sọ fún un. Ó ṣí òdòdó náà kúrò lórí. Wọ́n tún sọ pé ọmọ náà jà dáadáa kó tó kú. Ó gbé e padà sórí, ó sì ń bá ẹbọ rẹ̀ lọ. Diodorus ló padà wálé. Xenophon fúnra rẹ̀ kú ní nǹkan bí ọdún 354.