Ẹnu fún Ẹni tí Kò Gbọ́ Èdè Kóòtù: Ìgbésí Ayé Christopher Alexander Sapara Williams (1855–1915)

Ní àsìkò àjọ̀dún bí irú èyí, ó máa ń dùn mọ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ láti ka àwọn tó ti ilé ẹ̀kọ́ yìí jáde tí wọ́n di dókítà, olùkọ́, ẹnjiníà àti amòfin. Nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, ó dà bí ẹni pé iṣẹ́ amòfin ni àwọn òbí ń fẹ́ fún ọmọ wọn jù, òun náà ni wọ́n sì ń fura sí jù. Bàbá tó ń gbàdúrà kí ọmọ òun wọ ẹ̀wù dúdú kí ó sì dé wíìgì ni yóò tún yíjú padà tí yóò ní òpùrọ́ ni gbogbo lọ́yà, àti pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó kọ́kọ́ gba oyè amòfin nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa, kí a lè rí ohun tí iṣẹ́ náà wà fún.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Keje ọdún 1855 ni a bí Christopher Alexander Williams ní Sierra Leone. Ìjẹ̀ṣà ni orírun rẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ bí ọmọ Ìjẹ̀ṣà ṣe lè di ẹni tí a bí sí Sierra Leone ní ayé ìgbà náà. Ogun àti òwò ẹrú ló kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ sí etí òkun. Àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn kan sílẹ̀ lójú agbami, wọ́n sì sọ wọ́n kalẹ̀ sí Freetown. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gba ìgbàgbọ́, tí wọ́n ti rán ọmọ wọn nílé ìwé, tí wọ́n sì ti gba orúkọ òyìnbó. Àwọn ni a wá ń pè ní Sàró nígbà tí wọ́n padà sí ilẹ̀ baba wọn. Ìdílé yìí kò gbàgbé ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Williams so orúkọ Sapara mọ́ orúkọ rẹ̀. Arákùnrin rẹ̀, Dókítà Oguntola Sapara, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí bí ó ṣe gbógun ti àrùn ṣọ̀pọ̀nná ní Èkó, ju orúkọ Williams sílẹ̀ pátápátá.

Ìlú London ni Sapara Williams ti lọ kọ́ nípa òfin, ní Inner Temple, ọ̀kan nínú àwọn ilé àtayébáyé tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn agbẹjọ́rò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kọkànlá ọdún 1879 ni wọ́n gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Kò sí ọmọ ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí tó ti gba irú oyè bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, èyí tó di Gánà lónìí. Kì í ṣe ohun ìyanu, nítorí láti ọdún 1874 títí di 1886, abẹ́ ìjọba Gold Coast ni Èkó wà. Nígbà tí wọ́n ya Èkó sọ́tọ̀ tán, òun náà bọ̀ wálé. Ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1888 ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn amòfin ní Èkó.

Kí a tó lè mọ ohun tí èyí já mọ́, ó yẹ kí a rántí bí kóòtù ṣe rí nígbà náà. Ọdún 1861 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, ọdún 1876 ni wọ́n sì ṣe òfin tó gbé Ilé Ẹjọ́ Gíga kalẹ̀. Adájọ́ tó wà níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni. Èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìwé tí wọ́n ń kọ ẹ̀sùn sí, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìyálọ́jà tí wọ́n bá pè lẹ́jọ́ nítorí gbèsè, tàbí àgbẹ̀ tí wọ́n ń lé kúrò lórí ilẹ̀, ń dúró níwájú ẹni tí yóò dá ẹjọ́ rẹ̀ láìgbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Àwọn amòfin kò tó nǹkan, débi pé ìjọba ń fún àwọn ọmọwé lásán láṣẹ láti máa ṣe agbẹjọ́rò: ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, tó sì mọ díẹ̀ nínú òfin òyìnbó. Bí ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ bá ṣìnà, kì í ṣe òun ni yóò pàdánù ilé. Oníbàárà rẹ̀ ni.

Ọ̀ràn mìíràn tún wà tó jinlẹ̀ ju ti èdè lọ. Òfin ọdún 1876 yẹn pàṣẹ pé kí adájọ́ máa tẹ̀lé àṣà àti òfin ìbílẹ̀ nínú ẹjọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí àṣà náà kò bá ti tako ẹ̀tọ́, òdodo àti ẹ̀rí ọkàn rere. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún adájọ́ tó ti òkè òkun dé ohun tí àṣà náà jẹ́? A kò kọ ọ́ sínú ìwé kankan. Ọkàn àwọn àgbà ló wà. Báwo ni a ṣe ń pín ogún: ṣé ní ìdí igi, tàbí ní orí-ò-jorí? Kí ni agbára dáwódù lórí ilé tí baba fi sílẹ̀? Ǹjẹ́ ọmọ ẹbí kan ṣoṣo lè ta ilẹ̀ ẹbí láìjẹ́ pé àwọn yòókù fọwọ́ sí i? Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, kí ni ẹ̀tọ́ rẹ̀? Lójú kóòtù, ohun tí a gbọ́dọ̀ fi ẹlẹ́rìí múlẹ̀ ni gbogbo èyí. Bí amòfin kò bá mọ ìbéèrè tí yóò bi baálé àti àwọn ìjòyè, òtítọ́ kò ní jáde, òfin àjèjì yóò sì jókòó sí ipò rẹ̀.

Níbi yìí gan-an ni Sapara Williams ti yàtọ̀. Ẹni tí a bí sí òkèèrè, tó kàwé ní London, ló wá di ẹni tí gbogbo ènìyàn gbà pé kò sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìmọ̀ òfin ìbílẹ̀ tí a kò kọ sílẹ̀. Ìmọ̀ yẹn kò sí ní ilé ìkàwé Inner Temple. Ó ní láti rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, kí ó jókòó ti àwọn àgbà, kí ó sì gbọ́. A rò pé èyí ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ìgbésí ayé rẹ̀ lè kọ́ ọmọ ilé ìwé: ìwé tí a kà kò tíì pé títí a ó fi mọ ohun tí àwọn tí kò kàwé mọ̀.

Iṣẹ́ amòfin ní Èkó kò sì rí bí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́hùn-ún, ẹni tó ń gbọ́ tẹnu oníbàárà tó sì ń kọ ìwé yàtọ̀ sí ẹni tó ń dúró níwájú adájọ́. Ní Èkó, ẹnì kan náà ló ń ṣe méjèèjì. Òun ni yóò jókòó gbọ́ ẹkún opó, òun ni yóò kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sílẹ̀, òun náà ni yóò sì dìde sọ̀rọ̀ nígbà tí ọjọ́ bá pé.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹjọ́ kan tó wáyé nínú kóòtù Èkó ní ìgbà ayé rẹ̀, kí a lè rí bí ọ̀ràn wọ̀nyí ṣe ń kan mẹ̀kúnnù. Ní ọdún 1898, ẹjọ́ ìdílé Cole dé iwájú àwọn adájọ́ àgbà. Ọkùnrin kan gbéyàwó nílànà ìgbàgbọ́ ní òkèèrè, ó kó aya rẹ̀ wá sí Èkó, ó sì kú láìkọ ìwé ìhágún. Ó fi opó rẹ̀ àti ọmọkùnrin kan tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé sílẹ̀. Àbúrò olóògbé dìde, ó ní gẹ́gẹ́ bí àṣà, ọwọ́ òun ló yẹ kí dúkìá náà wà. Kóòtù ìsàlẹ̀ dá àbúrò yìí láre, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ àgbà yí ìdájọ́ náà padà. Wọ́n ní ìgbéyàwó onígbàgbọ́ ti mú nǹkan mìíràn wọ inú ayé tọkọtaya náà, àti pé kò bófin mu kí a fi àṣà nìkan gba dúkìá kúrò lọ́wọ́ ìyá àti ọmọ.

Ẹ wo bí ọ̀ràn náà ṣe le tó. Àṣà tí àbúrò gbé wá kì í ṣe àṣà burúkú; ó wà kí ilé baba má baà tú. Ẹ̀tọ́ opó náà kì í sì í ṣe ohun àfọwọ́rọ́sẹ́yìn. Nínú Ìwé Nọ́ḿbà, àwọn ọmọbìnrin Selofehadi gbé irú ọ̀ràn báyìí wá síwájú Mose, Mose kò sì dá a lójú ẹsẹ̀. Ó gbé e lọ síwájú Olúwa. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nítorí náà ni ẹgbẹ́ méjèèjì ṣe nílò ẹnu tó mọ̀rọ̀ ọ́ sọ.

Láti ọdún 1900 títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, Sapara Williams ni alága ẹgbẹ́ àwọn amòfin. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1901, gómìnà yàn án sínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ẹ kíyè sí i pé yíyàn ni, kì í ṣe ìbò. Ọdún 1923 ni àwọn ará Èkó tó kọ́kọ́ dìbò yan aṣojú. Àga tí ìjọba fúnni, ìjọba lè gbà á padà. Bẹ́ẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò wọlẹ̀ nítorí àga náà.

Ní ọdún 1903, Gómìnà MacGregor bi òun, Ọ̀gbẹ́ni Charles Joseph George àti Dókítà Obadiah Johnson léèrè nípa owó bodè tí àwọn ọba ń gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní kí a má pa á rẹ́, kí inú àwọn ọba má baà bàjẹ́. Ẹni tó ń ru ẹrù kọjá ní bodè lè má dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún ìmọ̀ràn yẹn. A kò ní fi èyí pamọ́ nítorí pé à ń yin òkú. Ní ọdún kan náà, nígbà tí ìjọba gbé Òfin Ìwé Ìròyìn kalẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kan náà ló takò ó pé yóò di àwọn oníwèé ìròyìn lẹ́nu. Òfin náà kọjá bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1904, ó dábàá pé kí a tún ààlà Gúúsù àti Àríwá ṣe, kí gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá wà pọ̀ ní Gúúsù. A kò gbà fún un; ìdí nìyẹn tí Ìlọrin àti Kàbà fi ṣì wà ní apá Àríwá, kódà lẹ́yìn tí wọ́n da gbogbo ilẹ̀ pọ̀ ní 1914. Ní ọdún 1905, ó rin ìrìn àjò lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lára ohun tó béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ níbẹ̀ ni kí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Èkó. Ó yẹ kí inú àwa tí olùkọ́ tọ́ dùn láti gbọ́ èyí.

Ìjà rẹ̀ tó gbóná jù ni ti ọdún 1909, nígbà tí Gómìnà Egerton gbé òfin tó de ọ̀rọ̀ ìṣọ̀tẹ̀ wá. Sapara Williams jẹ́ kó yé ìgbìmọ̀ pé òmìnira ìwé ìròyìn àti òmìnira ará ìlú kò ṣe é yà. Ẹ̀rù tó bà á ni pé bí àwọn aláṣẹ tó wà níbẹ̀ lónìí bá tilẹ̀ ní sùúrù, àwọn onínúfùfù lè dé lọ́la tí yóò máa rí ìṣọ̀tẹ̀ nínú gbogbo àríwísí. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ṣe òfin wọn.

Ìdààmú ńlá kan tún dé ní 1914. Nígbà tí Gómìnà Lugard da Àríwá àti Gúúsù pọ̀, ó gbé kóòtù ẹkùn kalẹ̀ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn odi Èkó. Àwọn Àjẹ́lẹ̀ tó ń ṣèjọba ni adájọ́ níbẹ̀, òfin kò sì gba amòfin láyè láti sọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn, ọ̀ràn ikú ìbáà jẹ́, ẹnu ara rẹ̀ nìkan ló ní. Ó di ọdún 1933 kí a tó yí ètò yìí padà. Sapara Williams kò sí láyé mọ́ nígbà náà. Ó ti kú ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹta ọdún 1915, kò tíì pé ẹni ọgọ́ta ọdún.

Ọdún kan péré lẹ́yìn ikú rẹ̀, ohun tó ń bẹ̀rù ṣẹ. Wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀rọ̀ ìṣọ̀tẹ̀ kan James Bright Davies, àgbàlagbà olóòtú ìwé ìròyìn ní Èkó, nítorí ohun tó kọ nípa ìjọba. Wọ́n dá a lẹ́bi, ó sì lọ sẹ́wọ̀n.

Bí a bá fi òǹkà wọn ọkùnrin yìí, ó pàdánù púpọ̀ nínú ìgbìmọ̀: ti ìwé ìròyìn, ti ààlà, ti ọ̀rọ̀ ìṣọ̀tẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ alágbàwí kì í ṣe láti borí nígbà gbogbo. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí a má dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ láìjẹ́ pé a gbọ́ tirẹ̀. Ìwé Òwe pàṣẹ fún ọba pé kí ó la ẹnu rẹ̀ fún ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀; àwa tí a gbà gbọ́ pé a ní Alágbàwí lọ́dọ̀ Baba kò gbọdọ̀ fojú kékeré wo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ ṣe lọ́yà, ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ sì bi í léèrè ẹni tí yóò máa gbẹnu sọ fún. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, ẹ jẹ́ kí opó tí kò lówó lọ́wọ́ lè rí ilẹ̀kùn yín kàn. Àti gbogbo wa lápapọ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ ìwé ìhágún wa nígbà tí ara ṣì le, kí a sì tọ́jú ìwé ilẹ̀ wa dáadáa, kí àwọn tí a bá fi sílẹ̀ má baà di ọ̀tá ara wọn níwájú adájọ́.