Ẹ́pìnnì Kan fún Páálí A B C

Púpọ̀ nínú wa ni ó ti mú àlejò lọ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ nì ní Àgbádárìgì, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ ní ọdún 1845. Àlejò a wo àtẹ̀gùn, a wo fèrèsé, a sì bá tirẹ̀ lọ. Èmi a máa ronú kan ọ̀kan nínú àwọn tí ó gúnlẹ̀ sí èbúté wa ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, Samuel Àjàyí Crowther. Kì í ṣe ọmọ Ìjọ Àgùdà. Síbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọ̀nà tí a gbà kọ ìwé àdúrà tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí.

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni a bí i ní Òṣogùn. Ní 1821 ogun kó ìlú náà, a sì mú Àjàyí lẹ́rú pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Olówó kan ń tà á fún òmíràn títí ó fi dé Èkó, tí a sì fi í sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Sàró, níbi tí wọ́n ti di òmìnira.

Ní abúlé Bathurst ní Sàró ni ohun tí mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ wò ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwé, kò dúró de ẹni tí yóò fún un ní ohun èlò. Ó tọ àwọn ará ìlú rẹ̀ lọ, ó tọrọ ẹ́pìnnì kan péré, ó sì fi ra páálí A B C. Nígbà tí ó fi tó oṣù mẹ́fà, ó ti ń ka Májẹ̀mú Titun. Wọ́n fi í ṣe amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ tíṣà, wọ́n sì ń san kọ́bọ̀ méje ààbọ̀ fún un lóṣù. Ó ṣe ìrìbọmi ní 1825, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní 1827, ó sì di àlùfáà ìjọ tirẹ̀ ní 1843. Ní ọdún yìí kan náà ni ìwé kékeré tí ó ṣa ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ sí jáde.

Abẹ́òkúta ni òun, Townsend àti Gollmer ń lọ nígbà tí wọ́n gba ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, kú, ọ̀nà sì dí. Ó tó oṣù méjìdínlógún tí wọ́n fi dúró ní Àgbádárìgì. Ẹlòmíràn ì bá ti wọkọ̀ padà sí Sàró. Crowther ń wàásù, kò sì dẹ́kun àtimáa kọ ọ̀rọ̀ tí ó bá gbọ́ sílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846 ó wọ Abẹ́òkúta, níbẹ̀ ni ó sì ti rí ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Kì í sáré mú ọ̀rọ̀ nínú ìtumọ̀ rẹ̀. A jókòó ti àwọn àgbà, a fetí sí òwe wọn, a sì wá ọ̀rọ̀ tí ó ṣe rẹ́gí. Ìwé sí àwọn ará Róòmù jáde ní 1850.

Nígbà tí ó di 1862, ilé rẹ̀ jó ní Èkó. Ọ̀rọ̀ àti òwe tí ó ti fi ọdún mọ́kànlá kó jọ di eérú, àti ìwé Ẹ́kísódù tí ó ń tọ́jú fún títẹ̀. Èyí dùn ún ju ohunkóhun mìíràn lọ, nítorí owó kò lè rà á padà. Apẹja tí òkun ti gba àwọ̀n rẹ̀ lọ rí mọ ohun tí mo ń wí. Ṣùgbọ́n a lè ra òwú láti hun àwọ̀n mìíràn. Ọkùnrin náà ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó tún jókòó, ó sì tún mú kálámù.

Ní 1864 wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ nínú ìjọ rẹ̀, ìrìn àjò Odò Ọya sì gba púpọ̀ nínú ọjọ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn, dúdú àti funfun, bá a gbé ẹrù ìtumọ̀ náà. Ní 1884, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn Róòmù, odidi Bíbélì Yorùbá jáde, Ẹ́kísódù sì wà níbẹ̀ ní ipò rẹ̀.

Ogbó rẹ̀ kò rọrùn. Ní 1890 àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó gba iṣẹ́ Odò Ọya mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo kà á sí ìwà àìmoore. Èkó ni ó kú sí, ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ọdún 1891.