Muhammad ará Katsina, àáfà tó mọ nọ́ńbà tò

Bí ẹ bá dé Mayfair nílé-Ifẹ̀ láàárọ̀, ẹ ó rí àwọn tó pagbo yí tábìlì ìwé ìròyìn ká. Àwọn kan ń ka ọ̀rọ̀ òṣèlú, àwọn kan ń wo èsì bọ́ọ̀lù. Ẹnì kan lè wà láàárín wọn tó mú bírò lọ́wọ́, tó ń wá nọ́ńbà tí yóò fi sínú àpótí kan tí wọ́n fi ìlà pín sí ojú 81. Sudoku ni wọ́n ń pe eré náà. Ìparí ọdún 2004 ni ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde, kó tó di pé ó gba gbogbo ayé kan. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé ọgbọ́n àwọn òyìnbó tàbí ti àwọn ará Japan nìkan ni kí èèyàn máa fi làákàyè to nọ́ńbà sójú ìlà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọmọ ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí ti kọ odidi ìwé lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1732.

Muhammad ibn Muhammad ni orúkọ rẹ̀. Fúlàní ni, Katsina ló sì ti wá, ìdí nìyẹn tí àwọn Lárúbáwá fi ń pè é ní al-Fullani al-Kishnawi. Nígbà ayé rẹ̀, ogun ẹ̀sìn tí Usman dan Fodio gbé dìde ní 1804 kò tíì ṣẹlẹ̀. Ìlú òwò àti ìlú ìmọ̀ ni Katsina. Ràkúnmí ń gba inú aṣálẹ̀ kó ọjà wọlé, ìwé sì máa ń bá ọjà rìn. Ibẹ̀ ni Muhammad ti kọ́ kéú títí tó fi di àáfà ńlá. Ẹnì kan tó wá láti ìhà Bọ̀nú wà lára àwọn tó kọ́ ọ.

Ní nǹkan bí ọdún 1730, ó lọ sí Mẹ́kà. Ẹ má fi ìrìn àjò Hájì ayé ìgbà yẹn wé ti òde òní o. Kò sí ọkọ̀ òfuurufú. Ẹsẹ̀ àti ràkúnmí ni wọ́n ń lò, àwọn tó kú sọ́nà kò sì lóǹkà. Muhammad dé Mẹ́kà láyọ̀, ó sì gba ibẹ̀ lọ sí Káírò, olú ìlú Íjíbítì. Níbẹ̀ ni ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Hasan al-Jabarti ti gbà á sílé. Olówó ni Hasan, ó mọ ìṣirò, ó mọ̀ nípa ìràwọ̀, síbẹ̀ ó jókòó síwájú àlejò tó ti ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú wá, ó kọ́ ìmọ̀ nọ́ńbà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Kí ni ìmọ̀ ọ̀hún? Ẹ jẹ́ ká jọ dán an wò. Ẹ fa àpótí kan, ojú mẹ́ta ní ìbú, mẹ́ta ní òòró, kó jẹ́ ojú mẹ́sàn-án. Ẹ fi nọ́ńbà 1 dé 9 sí i, ẹyọ kan sójú kan, kó sì jẹ́ pé bí ẹ bá ro ó pọ̀ ní ìbú, ní òòró àti láti igun dé igun, iye kan náà ni yóò máa jẹ́. Ẹni tó bá ń fi í gbá a-yẹ-kò-yẹ lè lo ọjọ́ kan gbáko. Ẹni tó bá ronú kò ní pẹ́. Àròpọ̀ 1 dé 9 jẹ́ 45. Ìlà mẹ́ta ló máa pín in, nítorí náà 15 ni ìlà kọ̀ọ̀kan. Ojú tó wà láàárín gbùngbùn wà lórí ìlà mẹ́rin, àròpọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jẹ́ 60. Nínú 60 yẹn, nọ́ńbà yòókù wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ti àárín nìkan ló wọlé lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ yọ 45 kúrò, ó ku 15, èyí tí í ṣe ti àárín lọ́nà mẹ́ta. Nítorí náà, 5 ló ń gbé àárín.

Ó ku 1. Kò lè wà ní igun, torí pé igun wà lórí ìlà mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà méjì péré ni 1 fi lè di 15: kó bá 5 àti 9 lọ, tàbí kó bá 6 àti 8 lọ. Ẹ wá fi 1 sí àárín ìlà òkè, kí 9 dojú kọ ọ́ nísàlẹ̀, kí 8 àti 6 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tó kù yóò wá àyè ara rẹ̀:

8 1 6
3 5 7
4 9 2

Muhammad kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe irú àpótí yìí. Àwọn ará Ṣáínà àti Lárúbáwá ti ń ṣe é kó tó dé. Àmọ́ ìwé rẹ̀ ti 1732 ṣàlàyé bí èèyàn ṣe lè to àwọn tí iye ìlà wọn kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba, kì í ṣe ti mẹ́ta nìkan. Ti márùn-ún, tó ní ojú 25, gbọ́dọ̀ máa jẹ́ 65 níbi gbogbo. Ó rọ ẹni tó ń kọ́ ọ pé kó má tètè sọ̀rètí nù, ó ní bí ẹni tí ìfẹ́ wọ̀ lẹ́wù ni kó ṣe tẹra mọ́ ọn. Ó tún kìlọ̀ pé ìkọ̀kọ̀ ni kó ti ṣe é, torí pé àṣírí Ọlọ́run ni.

Ìkìlọ̀ yìí ló ń dà mí láàmú. Àwọn àgbàlagbà wa mọ irú àpótí nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ nínú tíírà, ọ̀pọ̀ sì ń bẹ̀rù rẹ̀ tàbí ń pè é ní oògùn. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n 15 tí a rí lókè yìí kò bèèrè ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni, ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀. Ìbòjú tó bo iṣẹ́ náà ló jẹ́ ká gbàgbé pé olóye onímọ̀ ìṣirò ni baba yìí.

Muhammad kò padà sí Katsina mọ́. Ilé Hasan ní Káírò ló kú sí ní 1741, Hasan náà ló sì bójú tó ohun ìní rẹ̀. Wọn ò tíì bí Abd al-Rahman, ọmọ Hasan, nígbà yẹn. Nígbà tó dàgbà, tó ń kọ ìtàn Íjíbítì tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ó fi ìtàn ìgbésí ayé àlejò bàbá rẹ̀ sínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti mọ púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa ọkùnrin náà. Ní ti ìwé nọ́ńbà rẹ̀, ẹ̀dà tí wọ́n fi ọwọ́ kọ kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ibi ìkówèésí iléèwé gíga SOAS.