Bert Bell, ọkùnrin tí ó ní kí ẹni ìkẹyìn kọ́kọ́ yàn

Ní ìsàlẹ̀ àwọn òkè Ìdáàṣà, bí àwọn ọmọkùnrin bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́, wọn yóò kọ́kọ́ pín ara wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn méjì tí wọ́n mọ bọ́ọ̀lù gbá jù yóò dúró síwájú. Èkíní yóò pe ẹnì kan, èkejì yóò pe ẹlòmíràn, títí tí gbogbo wọn yóò fi tán. Kò sí ọmọ tí kò mọ̀ pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ pè ni yóò mú ẹni tí ó dára jù.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù ṣòwò ń ṣe irú ìpín bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún. Wọ́n ń pè é ní draft. Ẹni tí ó dá a sílẹ̀ ni Bert Bell.

Bọ́ọ̀lù tí ọ̀rọ̀ kàn níhìn-ín kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá ní Dassa-Zoumè. Ó gùn, ó sì ṣe ṣóńṣó ní ìhà méjèèjì bí ìbẹ́pẹ kékeré. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń jù ú, àyà ni wọ́n ń gbé e mọ́ sáré. Ènìyàn mọ́kànlá ni ó wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, wọ́n a sì máa kọlu ara wọn bí àgbò.

Wọ́n bí Bell ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 1895, ní ìlú Philadelphia. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni de Benneville. Láti ìdílé ìyá rẹ̀ ni orúkọ náà ti wá, ó sì dún bí orúkọ Faransé. Ọmọ náà kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, ó sì yàn láti máa jẹ́ Bert. Olówó ni àwọn òbí rẹ̀. Agbẹjọ́rò ńlá ni bàbá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì di gómìnà ìpínlẹ̀ Pennsylvania fún ìgbà díẹ̀ ní ọdún 1947. Bert kò tẹ̀lé ọ̀nà òfin. Bọ́ọ̀lù ni ó wà lọ́kàn rẹ̀.

Ó wọ yunifásítì Pennsylvania, ó sì di ẹni tí ń darí eré nínú ẹgbẹ́ wọn. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1917, ẹgbẹ́ náà rìn títí dé California láti bá ẹgbẹ́ Oregon ṣeré. Wọ́n pàdánù, àmì 14 sí òdo. Lẹ́yìn náà, ogun àgbáyé kìíní mú un kọjá òkun. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ní ilẹ̀ Faransé, ogun kan náà tí ọ̀pọ̀ ọmọ Dàhòmì bá lọ tí wọn kò padà wá. Nígbà tí ó dé, ó tún gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀ sí i, ó sì fi yunifásítì sílẹ̀ láìgba ìwé ẹ̀rí.

Ìgbà èwe rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dára. Ó ń mu ọtí, ó sì ń ta tẹ́tẹ́ lórí ẹṣin. Ẹni tí ó yí i padà ni Frances Upton, òṣèré orí ìtàgé. Obìnrin náà kọ̀ láti fẹ́ ọ̀mùtí. Ní ọdún 1932, Bell fi ọtí sílẹ̀, kò sì tún fẹnu kàn án mọ́ títí ó fi kú. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1934.

Frances yìí kan náà ni ó yá a lówó tí ó fi wọ òwò bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 1933, Bell àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Lud Wray ra ẹ̀tọ́ láti ní ẹgbẹ́ kan ní Philadelphia, ní 2 500 dọ́là. Wọ́n sọ ọ́ ní Eagles, èyí tí í ṣe àwọn ẹyẹ idì. Ìgbà ìṣẹ́ ni ìgbà náà ní Amẹ́ríkà. Àwọn báńkì ti wó, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì níṣẹ́. Ààrẹ Roosevelt dá ètò kan sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe, àmì ètò náà sì ni idì aláwọ̀ búlúù. Ibẹ̀ ni orúkọ ẹgbẹ́ náà ti wá.

Orúkọ náà dára, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà kò lágbára. Ní ọdún 1935, wọ́n borí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì pàdánù lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Nígbà náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá parí yunifásítì, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tí ó bá wù ú ni ó lè lọ. Ẹgbẹ́ olówó ni yóò sì wù ú. Ẹgbẹ́ Chicago àti ti New York ń kó àwọn ọmọ tó dára. Nítorí náà ni wọ́n ń borí, nítorí pé wọ́n ń borí ni àwọn ènìyàn ń sanwó wá wò wọ́n, owó náà ni wọ́n sì fi ń kó ọmọ mìíràn. Ẹgbẹ́ tí kò ní nǹkan kan ń rì sí i. Bell fi ojú ara rẹ̀ rí i nígbà tí ó ń wá Stan Kostka, ọmọ yunifásítì Minnesota tí ó lágbára púpọ̀. Ó bẹ̀ ẹ́, ó fi owó lọ̀ ọ́, ó tún fi kún un. Kostka lọ sí Brooklyn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1935, àwọn tí wọ́n ni ẹgbẹ́ nínú àjọ NFL ṣe ìpàdé, Bell sì mú àbá kan wá. Ó ní kí wọ́n dẹ́kun fífa ọmọ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ọmọ tó ń jáde ní yunifásítì sílẹ̀. Kí ẹgbẹ́ tí ó gbẹ́yìn ní ọdún tó kọjá kọ́kọ́ mú ẹnì kan, kí èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ tẹ̀lé e, títí yóò fi kan ẹgbẹ́ tí ó gba ipò kìíní. Lẹ́yìn náà kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ọmọ tí ẹgbẹ́ kan bá ti mú, kí ẹgbẹ́ mìíràn má bá a sọ̀rọ̀.

Ohun ìyanu ni pé àwọn olówó gbà. George Halas ti Chicago gbà, Tim Mara ti New York náà gbà. Kì í ṣe pé àánú ṣe wọ́n. Bí ọwọ́ ọmọdé kò ti tó pẹpẹ, bẹ́ẹ̀ ni ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹgbẹ́ ńlá kò lè bá ara rẹ̀ díje. Bí àwọn kéékèèké bá kú tán, ta ni yóò sanwó wá wo eré? Ohun mìíràn tún wà nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí a má fojú fò. Bí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo bá lè bá ọmọ kan sọ̀rọ̀, owó tí ọmọ náà yóò gbà kò ní pọ̀. Gbogbo àwọn tó ni ẹgbẹ́ ni yóò jèrè èyí, olówó àti aláìní.

Ìpín àkọ́kọ́ wáyé ní ọjọ́ 8 oṣù kejì ọdún 1936, ní Philadelphia, ní òtẹ́ẹ̀lì Ritz-Carlton. Ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án ni ó péjọ. Wọ́n kọ orúkọ nǹkan bí 90 sára pátákó. Kò sí tẹlifíṣọ̀n, kò sì sí èrò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń yàn kò tíì rí àwọn ọmọ náà rí. Inú ìwé ìròyìn ni wọ́n ti ka orúkọ wọn. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ènìyàn mẹ́sàn-án, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 81.

Ẹgbẹ́ Bell ni ó gbẹ́yìn, nítorí náà òun ni ó kọ́kọ́ pe orúkọ. Ó pe Jay Berwanger, ọmọ yunifásítì Chicago, ẹni tí gbogbo Amẹ́ríkà ń yìn ní ọdún náà. Ṣùgbọ́n Berwanger fẹ́ owó tí Bell kò ní. Bell gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ lé Halas lọ́wọ́, Halas náà kò sì san iye tí ọmọ náà bèèrè. Berwanger lọ ń ta ohun tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, kò sì gbá bọ́ọ̀lù owó rárá. Nínú àwọn 81 náà, àwọn tí wọ́n gbà láti wá kò tó ìdajì. Nínú àwọn mẹ́sàn-án tí Bell pe orúkọ wọn, ẹyọ kan kò wá.

Ní ọdún 1936 náà, ẹgbẹ́ Eagles wọ gbèsè, wọ́n sì gbé e ta ní gbàǹjo. Bell dá rà á ní 4 500 dọ́là. Òun fúnra rẹ̀ wá di akọ́nimọ̀ọ́gbá, òun ni ó sì ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Láàárín ọdún 1936 sí 1940, ẹgbẹ́ rẹ̀ borí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá péré, wọ́n sì pàdánù nígbà 44. Òfin tí ó ṣe kò gba òun fúnra rẹ̀ là. Lẹ́yìn náà ó dara pọ̀ mọ́ Art Rooney ní Pittsburgh, Eagles sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní ọdún 1944, àwọn tí wọ́n gbà á yan Steve Van Buren nínú ìpín. Ọmọ yìí ni ó gbé wọn dé ipò kìíní ní ọdún 1948 àti 1949. Bell gbin igi náà, ẹlòmíràn ni ó ká èso rẹ̀.

Ohun kan wà tí ìpín náà kò tún ṣe. Nínú àwọn orúkọ 81 ti ọdún 1936, kò sí aláwọ̀ dúdú kankan. Láti ọdún 1934 títí di 1945, kò sí ẹgbẹ́ kan nínú NFL tí ó gba aláwọ̀ dúdú, ti Bell náà kò sì yàtọ̀. Àwọn ọmọ dúdú wà ní yunifásítì tí wọ́n mọ bọ́ọ̀lù náà dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n. Ìdọ́gba láàárín àwọn ẹgbẹ́ ni Bell ń wá ní ìgbà náà, kì í ṣe ìdọ́gba láàárín ènìyàn. Ní ọdún 1946 ni ẹgbẹ́ Los Angeles gba Kenny Washington àti Woody Strode. Ó di ọdún 1949 kí wọ́n tó pe orúkọ aláwọ̀ dúdú nínú ìpín. George Taliaferro ni ẹni àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó ti fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú àjọ mìíràn. Wally Triplett, tí ẹgbẹ́ Detroit mú, ni ó ṣáájú nínú àwọn dúdú tí wọ́n yàn tí wọ́n sì gbá bọ́ọ̀lù ní NFL.

Ní oṣù kìíní ọdún 1946, wọ́n fi Bell ṣe olórí àjọ NFL. Ọdún 13 ni ó lò nípò náà. Lórí tábìlì oúnjẹ ilé rẹ̀ ni ó ti ń to ètò ìdíje ọdún kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹyọ dòmínò. A máa fi àwọn ẹgbẹ́ aláìlágbára kojú ara wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí ìrètí wọn má baà tètè kú. Nígbà tí oníjìbìtì kan fẹ́ fi owó ra àwọn agbábọ́ọ̀lù New York méjì ní ọdún 1946, Bell lé àwọn méjèèjì kúrò lórí pápá. Wọn kò gba owó náà. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn ni pé wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà tó ẹnikẹ́ni létí. Ní ọdún 1957, ó gbà pé kí àwọn agbábọ́ọ̀lù ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tiwọn. Kò dùn mọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbà á síṣẹ́.

Ọdún náà ni àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà pè é láti wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Ìbéèrè náà le. Ṣé ó tọ́ kí ọ̀dọ́mọkùnrin má lè yan ẹni tí yóò bá ṣiṣẹ́? Dókítà tàbí káfíńtà kò sí nínú irú ìdè bẹ́ẹ̀. Bell dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé láìsí ìpín náà, àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké yóò parẹ́. Ní Ìdáàṣà, òkè ni ó gba àwọn aláìlágbára sílẹ̀ nígbà tí ogun Dàhòmì dé. Ohun tí Bell rí nínú draft kò yàtọ̀ sí èyí. Ṣùgbọ́n àwọn agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n ń ru òkúta òkè yẹn. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn, Smith, tí ìnagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Yazoo, gbé ọ̀ràn náà lọ sílé ẹjọ́. Ní ọdún 1976, ilé ẹjọ́ dá a láre. Láti ìgbà náà, àdéhùn láàárín ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn olówó ni ìpín náà dúró lé lórí.

Ó ṣì ń lọ títí dòní. Ẹgbẹ́ 32 ni ó wà nísinsin yìí, ìgbà méje ni wọ́n sì ń yí i ká, ní oṣù kẹrin ọdún. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́ta tí ó ti parí ilé ìwé girama kò lè wọ inú rẹ̀. Ẹgbẹ́ lè fi ìgbà tirẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀, bí obìnrin tó ń dá èsúsú ti lè gbé ìgbà tirẹ̀ fún ẹlòmíràn kí ó sì gba nǹkan mìíràn. Àwọn ọmọ Áfíríkà náà ti wọ inú rẹ̀: ní ọdún 1987, ẹgbẹ́ Kansas City mú Christian Okoye, tí wọ́n bí ní Enugu ní Nàìjíríà.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1959, Bell lọ wo eré ní pápá Franklin Field ní Philadelphia, níbi tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù nígbà èwe rẹ̀. Eagles àti Pittsburgh ni ó ń díje, ẹgbẹ́ méjèèjì tí ó ti jẹ́ tirẹ̀ rí. Kò jókòó sí ibi àwọn ọlọ́lá. Àárín èrò ni ó wà. Nígbà tí eré kù bí ìṣẹ́jú mélòó kan kí ó parí, ọkàn rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì ṣubú. Ẹni ọdún 64 ni. Eagles ni ó borí.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún náà, àwọn tó ni ẹgbẹ́ tún péjọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Philadelphia láti pín àwọn ọmọ tuntun. Ẹgbẹ́ Los Angeles, tí ó borí lẹ́ẹ̀mejì péré nínú eré 12, ni ó kọ́kọ́ pe orúkọ.