Richard Shuttleworth, ọmọ olówó tó jí bààlúù àtijọ́ dìde

Ní abúlé Old Warden, ní agbègbè Bedfordshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bààlúù kan wà tí wọ́n ṣe ní ọdún 1909. Igi ni egungun rẹ̀, aṣọ ni wọ́n fi bo apá rẹ̀, wáyà tín-ín-rín ló sì so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, síbẹ̀ ó ṣì máa ń gbéra nílẹ̀. Bí ẹ bá bèèrè ẹni tó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, orúkọ Richard Ormonde Shuttleworth ni wọn yóò dá fún yín. Ìtàn rẹ̀ ni a mú wá fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí, pẹ̀lú ti ìyá rẹ̀, nítorí a kò rí bí a ṣe lè ya ìtàn ọmọ kúrò lára ti ìyá.

Ọjọ́ 16 oṣù keje ọdún 1909 ni wọ́n bí Richard. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn rẹ̀ ni Louis Blériot, ará Faransé, fi bààlúù fò kọjá òkun tó wà láàárín Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí. Irú bààlúù tí Blériot gùn lọ́jọ́ náà gan-an ni ti Old Warden tí a ń sọ yìí.

Owó ilé wọn kì í ṣe owó kékeré. Joseph Shuttleworth, baba bàbá rẹ̀, wà lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ Clayton & Shuttleworth sílẹ̀ ní ìlú Lincoln ní 1842. Ẹ̀rọ àgbẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, pàápàá ẹ̀rọ ìpakà àti àwọn ẹ́ńjìnnì tí ooru omi gbígbóná ń yí. Ara èrè ẹ̀rọ wọ̀nyí ni wọ́n fi kọ́ ilé ńlá sí Old Warden. Nígbà ogun 1914, ilé iṣẹ́ náà tún ṣe bààlúù ogun tó ń jẹ́ Sopwith Camel.

Bàbá Richard, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Frank Shuttleworth, kú ní 1913. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́rin. Dorothy, ìyá rẹ̀, ló dá tọ́ ọ, òun nìkan ló sì bí. Nígbà tí Richard di ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ní 1932, ogún bọ́ sí i lọ́wọ́: ilẹ̀, ilé, owó. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá já lé lọ́wọ́, ẹ mọ ibi tó máa ń já sí. Mọ́tò àti bààlúù ni tirẹ̀ já sí. Ọdún yẹn náà ló ra bààlúù rẹ̀ àkọ́kọ́, de Havilland Moth.

Eré ìje ló kọ́kọ́ gbà á lọ́kàn. Ní 1933 ó wa bààlúù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Comper Swift láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí dé Íńdíà, kó lè bá wọn du ìdíje níbẹ̀. Ní 1935 ó fi mọ́tò Alfa Romeo gba ipò kìíní nínú ìdíje Grand Prix àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní Donington. Oṣù kìíní 1936 ni jàǹbá dé. Ó ń sáré mọ́tò ní Gúúsù Áfíríkà, mọ́tò dojú dé pẹ̀lú rẹ̀, ó sì fara pa gan-an. Ó là á já.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe eré ìje ló mú kí orúkọ rẹ̀ pẹ́ nílẹ̀. Nígbà tí àwọn olówó ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá bààlúù tuntun, ògbólógbòó ni òun ń wá, èyí tí àwọn tó ni ín ti gbàgbé sí kọ̀rọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfurufú ní Hendon, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lọ́ńdọ̀nù, ni Blériot 1909 yẹn ti ṣiṣẹ́. Ó já ní 1912, ó fọ́, wọ́n sì kó o tì sábẹ́ afárá rélùwéè. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ A. E. Grimmer rà á, ó tún un ṣe, ó sì fi kọ́ ara rẹ̀ ní fífò. Ní 1935 ni ó bọ́ sọ́wọ́ Shuttleworth, pẹ̀lú Deperdussin kan tí wọ́n ṣe ní 1910.

Ti Blackburn 1912 tún ya ni lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abà kan ni wọ́n gbé e sí nígbà tí ogun 1914 bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn ogún ọdún ó lé ni Shuttleworth lọ hú u jáde lábẹ́ koríko gbígbẹ, ó sì rà á. Iṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀ kò kéré. Kò dúró rí ìparí rẹ̀.

Ogun kejì dé ní 1939, Richard sì wọ iṣẹ́ ológun òfurufú. Ní òru ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1940, ó ń fi bààlúù ogun Fairey Battle dánra wò nítòsí pápá Benson. Bààlúù náà já, ó sì kú. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Kò ní ìyàwó, kò bímọ.

Ẹ wo ìyá náà nísinsìnyí. Ọkọ ti lọ, ọmọ kan ṣoṣo ti lọ, kò sí àrólé. Ilẹ̀ rẹpẹtẹ wà nílẹ̀, ilé ńlá wà nílẹ̀, àwọn bààlúù onígi tí ẹlòmíràn yóò pè ní pàǹtí náà wà nílẹ̀, ogun sì ń lọ lọ́wọ́. Bí Dorothy bá tà wọ́n tó sì pa ilẹ̀kùn dé, ta ni yóò bá a wí? Ó sọ ilé rẹ̀ di ibi ìtọ́jú fún àwọn ọmọ ogun òfurufú tó fara gbọgbẹ́. Ní 1944 ó dá àjọ ìrántí kan sílẹ̀ lórúkọ ọmọ rẹ̀, ó sì fi gbogbo ogún náà sábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn èèyàn ní iṣẹ́ bààlúù àti iṣẹ́ àgbẹ̀. Ní 1946, ilé ńlá tí wọ́n fi owó ẹ̀rọ ìpakà kọ́ di ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀. Lójú tiwa, èyí nìkan tó láti fi rántí obìnrin náà.

Allen Wheeler, awakọ̀ òfurufú tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Richard, ló dúró ti àwọn bààlúù náà. Wọ́n parí Blackburn lẹ́yìn ogun, ó sì fò. Ní 1963 wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ará ìlú. Dorothy rí èyí kó tó kú ní 1968.

Ohun tó mú kí Old Warden yàtọ̀ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mìíràn ni pé wọ́n ń fi àwọn bààlúù náà fò. Àwọn kan ka èyí sí ìwà àìbìkítà, wọ́n ní ohun tí kò ní èkejì kò yẹ ní fífi wewu. A gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu nígbà tí ìlù ń dún, tó tún rí òmíràn nínú dígí, yóò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ wọn kò fi wọ̀ wá létí tó.

Ọjọ́ àfihàn, pápá koríko ni wọ́n ti ń gbéra. Ọkọ̀ Ford àtijọ́ kan wà tí wọ́n so ọ̀pá gígùn mọ́; ọ̀pá yìí ni wọ́n máa ń fi yí abẹ̀bẹ̀ iwájú bààlúù kí ẹ́ńjìnnì lè ta. Òórùn kan sì máa ń gba pápá. Epo lárà ni. Àwọn ẹ́ńjìnnì ìgbà ogun 1914 kan, gbogbo ara wọn ló ń yí pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀, epo lárà ni wọ́n sì ń fún wọn nítorí pé kì í pò mọ́ epo bẹntiróòlù, ìyẹn ẹsáǹsì tiwa. Ẹ́ńjìnnì a máa tu epo náà jáde bó ṣe ń jó, a sì máa fẹ́ lu awakọ̀ lójú. Ẹ̀yin tí ìyá yín fún ní epo lárà mu rí, ẹ kúkú mọ ohun tí ojú inú àwọn awakọ̀ ìgbà náà rí.

Àwọn àgbà bíi Blériot kì í jáde bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́. Agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju ti zémìjàn mẹ́ta tí a so pọ̀ lọ, apá rẹ̀ gan-an sì ni awakọ̀ ń lọ́ kó má baà fì. Ìdí nìyẹn tí èrò fi máa ń dúró di ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń wo ewé igi bóyá ó ti dákẹ́. Bó bá dákẹ́, wọn a tì í jáde, a fò sókè díẹ̀ lórí pápá, a sì tún balẹ̀ níwájú. Bí kò bá dákẹ́, kálukú a lọ sílé rẹ̀.

Moth tí Richard rà ní 1932 ṣì wà níbẹ̀. G-EBWD ni nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Old Warden ni ilé rẹ̀ láti ìgbà náà, ó sì ń fò.